Ọ̀já Tí A Kò Gé

Àwọn ọmọ tí mò ń kọ́ ní aṣọ híhun ní Ìkàrẹ́ báyìí, fóònù ni wọ́n kọ́kọ́ máa ń yọ. Wọn ò tíì hun ju ìka mẹ́ta lọ, wọ́n á ti ya fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́ sí gbogbo ayé. Mo máa ń ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kó di aṣọ ná kí ẹ tó máa fi ṣe fáàrí." Wọ́n á rẹ́rìn-ín, wọ́n á ní Màámi ti tún bẹ̀rẹ̀. Kò dùn mí. Iṣẹ́ tíṣà ni mo ṣe títí mo fi fẹ̀yìn tì, etí mi ti gbó sí ẹ̀rín ọmọ ọlọ́mọ. Ẹni tó bá wá kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi, ọ̀já ló máa kọ́kọ́ hun, ọ̀já tí a fi ń pọn ọmọ, torí bẹ́ẹ̀ ni Ìyá Àgbà, ìyá tó bí bàbá mi, ṣe ń kọ́ àwọn tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ nílé wa ní Ọ̀kà. Ọ̀já kò fẹ̀, kò gba òwú púpọ̀, bó bá sì wọ́ díẹ̀, ọmọ tó wà lẹ́yìn kò ní sọ̀rọ̀. Àmọ́ ètò kan wà tí Ìyá Àgbà máa ń ṣe lọ́jọ́ tí ọ̀já bá parí, tí èmi kì í ṣe. Abẹ ni mo máa ń nà sí wọn, màá ní kí wọ́n gé aṣọ wọn kúrò lórí òfì, kí wọ́n máa mú un lọ sílé. Wọ́n a máa bi mí pé ṣé kò sí ohun tí àwọn àgbà ń ṣe sí i ni. Mo máa ń ní kò sí. Irọ́ ni mò ń pa. Ó wà. Èmi ni mo bà á jẹ́ nígbà tí mo wà lọ́mọ ọdún mẹ́sàn-án, ẹnu mi yìí náà ni mo sì fi bà á jẹ́.

Nígbà náà, Èkìtì ṣì wà nínú Ìpínlẹ̀ Oǹdó, bàbá mi ń ṣe bíríkìlà ní Àkúrẹ́, ìparí oṣù nìkan la fi ń rí i. Ilé wa wà lẹ́bàá àpáta, bí a bá ń gún iyán, àpáta á dá ariwo rẹ̀ padà, bí ẹni pé àwọn kan náà ń gún tiwọn lókè níbẹ̀. Láàárọ̀, ikọ́ Ìyá Àgbà ni mo máa ń kọ́kọ́ gbọ́, lẹ́yìn náà ìgbálẹ̀, lẹ́yìn náà ewúrẹ́ tó ń fi ìwo ha ilẹ̀kùn pé kí wọ́n wá tú òun sílẹ̀. Bí a bá jẹ ẹ̀kọ tán, ariwo òfì á bẹ̀rẹ̀ lọ́dẹ̀dẹ̀: gbà, gbà, á dákẹ́ díẹ̀, gbà. Apasà nìyẹn, igi pẹlẹbẹ tí obìnrin fi ń gbá òwú mọ́ra wọn. Òfì tiwa kì í ṣe ti ọkùnrin tí wọ́n ń na òwú rẹ̀ gbọọrọ síta. Òfì obìnrin ni, igi kan lókè, igi kan nísàlẹ̀. A ó gbé e ti ògiri, a ó ta òwú yí igi méjèèjì ká, ahunṣọ á jókòó sílẹ̀ níwájú rẹ̀. Bó bá ṣe ń hun ún ni yóò máa fa aṣọ náà yípo, títí ìbẹ̀rẹ̀ àti òpin yóò fi fẹ́rẹ̀ẹ́ pàdé. Ìwọ̀n àtẹ́lẹwọ́ kan péré ni yóò kù tí apasà kò lè wọ̀ mọ́. Ibẹ̀ la máa ń gé. Bí a kò bá tíì gé e, òrùka ni, kò tíì di aṣọ.

Ìyá mi ti kú ní ọdún méjì ṣáájú. Ibà ló gbé e dè, kò lò ju ọjọ́ mẹ́rin lọ. Ìyá Bọ́sẹ̀ ni gbogbo ilé ń pè é, torí èmi nìkan ló bí, èmi náà ni Bọ́sẹ̀. Àpótí tó máa ń jókòó lé ṣì wà nídìí ààrò. Nígbà tí bàbá mi fẹ́ ìyàwó mìíràn wá láti Ìkun, ohun àkọ́kọ́ tí mo sọ fún un ni pé kò gbọdọ̀ jókòó lórí àpótí yẹn. Ó ní, "Mo gbọ́." Ó lọ gbé bíríkì kan nínú èyí tí bàbá mi kó sẹ́yìnkùlé, orí rẹ̀ ló sì ń jókòó dáná ní gbogbo ìgbà tó fi wà lọ́dọ̀ wa. Ìyàwó ni gbogbo ilé ń pè é. Èmi ń pè é ní Àǹtí bí mo bá nílò nǹkan. Bí n kò bá nílò nǹkan, n kì í pè é rárá. Òun ní tirẹ̀ kì í pè mí ní Bọ́sẹ̀. Ẹ mọ̀ pé ìyàwó kì í pe ọmọ tó bá nílé lórúkọ. Mo ti wà nílé kó tó wọlé, ọkọ ni mo jẹ́ fún un, bó ti wù kí n kéré tó. Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ ló sọ mí, torí mo tẹ́ẹ́rẹ́ nígbà náà. "Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́, omi ẹ ti gbóná." "Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́, wá jókòó kí n dirun fún ẹ." Ohùn Ìkun wà lẹ́nu rẹ̀, èmi a sì máa sín in jẹ fún àwọn ọmọ àdúgbò kí wọ́n lè rẹ́rìn-ín. Yorùbá ilé ìwé ni mo fi ń kọ èyí sílẹ̀, àmọ́ ohùn Ọ̀kà àti ohùn Ìkun ni wọ́n fi sọ ọ́, ó sì dùn ju báyìí lọ.

Tẹ́lẹ̀, lọ́kọ̀ọ̀kan ni Ìyá Àgbà máa ń kọ́ni. Lọ́dún yẹn, ó ní orúnkún òun ò gbà á mọ́, kí ẹni tó bá fẹ́ kọ́ṣẹ́ wá pa pọ̀, kí òun sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan kí òun sinmi. Àwọn mẹ́ta ló wá. Ìyá Táyọ̀, aládùúgbò wa, ọmọ ẹgbẹ́ akọrin ṣọ́ọ̀ṣì ni, ẹnu rẹ̀ kì í sinmi. Ràbí, ọmọ Ìkàrẹ́ tí wọ́n fẹ́ wá sí ẹ̀yìn ilé wa, ọmọdé ṣì ni òun náà, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bí Jímọ̀ ọmọ rẹ̀ ni. Ẹnì kẹta ni Ìyàwó tiwa. Ọ̀sẹ̀ kan gbáko, òwú ni wọ́n ń ká. Ìyá Táyọ̀ ní, "Màámi, ìgbà wo la máa hun aṣọ gan-an?" Ìyá Àgbà ní, "Ìgbà tí òwú bá ti mọ̀ yín." Kì í ṣàlàyé. Ó máa ń di ọwọ́ rẹ mú ni, á fi ọwọ́ rẹ ṣe é lẹ́ẹ̀mẹta, á sì lọ jókòó. Bó bá rí àṣìṣe, kò ní sọ̀rọ̀. Á jẹ́ kí o hun ìlà mẹ́wàá lé e lórí kó tó wá fi ìka kan ibẹ̀, á ní, "Tú u." Ìyá Táyọ̀ á ké, "Háà, Màámi! Ẹ ti rí i láti àárọ̀!" Ìyá Àgbà á ní, "Mo rí i. Ìwọ ni mo ń dúró dè kó rí i." Ràbí máa ń ní "Bísímílàhì" kó tó ti òwú kọ̀ọ̀kan kọjá, ìyẹn ò jẹ́ kó yára. Ìyá Táyọ̀ ń fi orin ṣọ́ọ̀ṣì gbá apasà tirẹ̀, bí orin bá sì ti ń gbóná ni aṣọ rẹ̀ ń wọ́. Ẹ̀rín ni wọ́n ń fi ara wọn rín láti àárọ̀ di ọ̀sán. Ìyàwó tiwa kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Bí n kò bá lọ sílé ìwé, èmi ni mò ń di òwú mú fún un, torí Ìyá Àgbà ló ní kí n ṣe é.

Ọjọ́ tí wọ́n fẹ́ ta òwú ọ̀já sórí òfì ni mo kọ́kọ́ rí ohun tí n kò lóye. Ìwọ̀n ọ̀já ni àtẹ́lẹwọ́ kan àbọ̀. Ìyá Táyọ̀ ta tirẹ̀ bẹ́ẹ̀, Ràbí náà ta tirẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ìyàwó bi mí pé, "Àwọ̀ wo lo fẹ́, Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́?" Mo ní, "Èyíkéyìí." Ó mú òwú funfun àti búlúù, irú búlúù aṣọ ilé ìwé mi gan-an, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ta á, ó ń ta á lọ, kò dúró títí ó fi tó àtẹ́lẹwọ́ mẹ́ta. Ìyá Táyọ̀ bú sẹ́rìn-ín. "Ìyàwó, ọ̀já nìyí àbí ìró? Ṣé erin lo fẹ́ pọ̀n ni?" Ìyàwó rẹ́rìn-ín díẹ̀. Ìyá Àgbà dìde, ó tẹ́ ọwọ́ lé òwú náà, ó wọ̀n ọ́n. Mo ń retí pé kó ní, "Tú u." Kàkà bẹ́ẹ̀, ó yíjú padà, ó wò mí láti orí dé ẹsẹ̀, ó sì wo ìyàwó ọmọ rẹ̀. Ó ní, "Ẹ fi í sílẹ̀. Ó mọ ẹni tó ń hun ún fún." Èmi ò mọ̀. Mo rò pé Ìyá Àgbà ń ṣe ojúsàájú fún un ni, inú sì bí mi pé wọn kì í ṣe irú ẹ̀ fún èmi.

Oṣù bíi mẹ́ta ni wọ́n fi hun ọ̀já mẹ́ta yẹn, torí obìnrin ilé ni gbogbo wọn, oko wà, ọjà wà, oúnjẹ ọ̀sán ò sì ní se ara rẹ̀. Ìyàwó á se àsáró, á bu tèmi sọ́tọ̀, á fi ẹja tó tóbi jù sí i, á wá nu ọwọ́ rẹ̀ lọ sídìí òfì. Ọjọ́ kan wà tí n kò lè gbàgbé. Wọ́n ti rẹ òwú nínú aró, wọ́n sá a sórí àpáta, òjò ṣàdédé ṣú. Èmi àti Ìyàwó nìkan ló wà nílé. A sáré gun àpáta lọ, à ń kó òwú, òjò dé bá wa níbẹ̀. Ẹsẹ̀ rẹ̀ yọ̀, ó fi ìdí jókòó gbì, àmọ́ kò jẹ́ kí òwú kan ilẹ̀, ó nà án sókè lórí bẹ́ẹ̀, aró ń ro sí i lójú, ojú rẹ̀ di búlúù. Mo rẹ́rìn-ín, òun náà rẹ́rìn-ín, a rẹ́rìn-ín títí a ò fi lè dìde. Kí n má parọ́, ìgbà àkọ́kọ́ tí mo rẹ́rìn-ín bẹ́ẹ̀ nìyẹn láti ìgbà tí ìyá mi ti kú. Nígbà tí a wọlé, mo rí àpótí ìyá mi nídìí ààrò. Ó dà bíi pé mo jalè. Odidi ọjọ́ méjì ni n kò fi dá Ìyàwó lóhùn, kò sì mọ ohun tó ṣe.

Ọ̀já Ìyá Táyọ̀ ló kọ́kọ́ parí. Mo ti rí ètò yẹn rí, àmọ́ n kò fi ọkàn sí i tẹ́lẹ̀. Ahunṣọ á bẹ̀rẹ̀ níwájú òfì, á kẹ̀yìn sí i, á na ọwọ́ méjèèjì sẹ́yìn bí ẹni tó fẹ́ gba ọmọ. Ìyá Àgbà á fi abẹ gé ọ̀já náà, á gbé ọmọ kọ́ ọ lẹ́yìn, á fi ọ̀já tuntun dè é. Obìnrin náà á rìn láti ìdí òfì dé ẹnu ọ̀nà, á padà, lẹ́ẹ̀mẹta. Ìyá Àgbà á wá fi orúkọ ọmọ pè é, á jẹ́, ó di ahunṣọ nìyẹn. "Ìyá Táyọ̀!" "Màámi o!" Gbogbo ilé pàtẹ́wọ́. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, wọ́n gé ti Ràbí. Láti ọjọ́ tó ti dé àdúgbò wa, Ràbí lásán la ń pè é, àmọ́ bí Ìyá Àgbà ti ké "Ìyá Jímọ̀!" tó sì jẹ́, kò sí ẹni tó tún pè é ní Ràbí mọ́. Mo rí i pé orúkọ náà lẹ̀ mọ́ ọn. Ní ọ̀sán ọjọ́ yẹn náà, mo wà lẹ́yìn àpáta, mò ń ṣa igi ìdáná, mo sì gbọ́ ohùn àwọn méjèèjì níbi tí wọ́n ti ń sá òwú. Ìyá Jímọ̀ ní, "Ìyàwó ńkọ́? Ọmọ ta ló máa pọ̀n?" Ìyá Táyọ̀ ní, "Bọ́sẹ̀ ni. Ṣé o ò rí bí ọ̀já ẹ̀ ṣe fẹ̀ ni? Mo tiẹ̀ ń fi ṣe yẹ̀yẹ́, èmi ò mọ̀ pé ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ló fi wọ̀n." Ó kẹ́dùn. "Ó dáa bẹ́ẹ̀ jàre. Bí wọ́n bá ti pè é ní Ìyá Bọ́sẹ̀, ó parí nìyẹn. Kò sẹ́ni tó tún máa rántí pé ẹlòmíì ti jẹ́ ẹ rí." Kò sọ ọ́ pẹ̀lú ibi. Àánú Ìyàwó ló ń ṣe é. Àmọ́ gbólóhùn ìkẹyìn yẹn ni mo gbé lọ sílé pẹ̀lú igi ìdáná mi.

Ọjọ́ Sátidé ni wọ́n fẹ́ gé ti Ìyàwó. Láàárọ̀, ó dirun fún mi, ó rọra ń dì í ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ó ní, "Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́, mo fẹ́ pọ̀n ẹ́ lónìí o. Ṣé wàá jẹ́ kí n pọ̀n ẹ́?" Mo tẹ orí ba. Ó rò pé ojú ló ń tì mí. Nígbà tí gbogbo wọn pé sọ́dẹ̀dẹ̀, Ìyá Àgbà yọ abẹ létí ìró rẹ̀, ó ní, "Ìyàwó, ẹni tí kò bá tíì bí a máa yá ọmọ pọ̀n, kò sí àbùkù níbẹ̀. Ọmọ ta lo fẹ́ pọ̀n?" Ó kúnlẹ̀, ó ní, "Mo ní ọmọ nílé, Màámi." Ó wá bẹ̀rẹ̀, ó na ọwọ́ méjèèjì sẹ́yìn, ó ní, "Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́, jọ̀ọ́, wá." Mo fara ti òpó ilẹ̀kùn. Mo ní, "Mi ò wá." Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ìyá Táyọ̀ ní, "Ẹ ò rí i, ojú ń tì í, ó rò pé òun ti di ìyàwó ilé." Ìyá Àgbà ní, "Bọ́sẹ̀, wá síbí." Mo wá sọ ọ́, mo sì fi gbogbo ohùn mi sọ ọ́. Mo ní, "Ìyá mi ló ń jẹ́ Ìyá Bọ́sẹ̀! Ó ti kú, àmọ́ òun ló ń jẹ́ ẹ! Àǹtí, ẹ lọ bí tiyín, kí ẹ lọ máa jẹ́ orúkọ ẹ̀!" Ìyàwó ṣì bẹ̀rẹ̀ síbẹ̀, kò tíì nàró, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì ṣì là sílẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀, aró ṣì wà ní èékánná rẹ̀. Gbogbo ohun mìíràn ni mo lè gbàgbé o, àmọ́ ọwọ́ méjì yẹn, mo ṣì ń rí i. Ìyá Àgbà gbé ọwọ́ sókè láti gbá mi létí. Ìyàwó ní, "Ẹ má nà án, Màámi. Òótọ́ ló sọ."

Ìyá Jímọ̀ ló kọ́kọ́ ta jí. Ó tú Jímọ̀ lẹ́yìn, ó gbé e wá, ó ní, "Ẹ gba tèmi pọ̀n, ẹ jọ̀ọ́." Ìyàwó fi ọwọ́ kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọmọ náà, ó ní, "Ẹ ṣé. Ọ̀já yìí fẹ̀ jù fún Jímọ̀." Ìyá Àgbà dá abẹ padà sétí ìró rẹ̀. Ó ní òun kì í gé ọ̀já tí kò tíì rí ọmọ, òun ò sì ní fi pàṣán gbé ọmọ kọ́ ẹnikẹ́ni lẹ́yìn. Ó di ìrọ̀lẹ́ kí Ìyàwó tó lọ sídìí òfì náà. Ó fa igi òkè yọ, ó fa igi ìsàlẹ̀ yọ, ọ̀já náà sì bọ́ sílẹ̀ ní òrùka, láìgé. Ó ká a, ó gbé e sínú àpótí aṣọ rẹ̀, ó lọ gúnyán. Àwọn méjì yòókù bẹ̀rẹ̀ sí í hun ìró. Bí Ìyá Àgbà bá pè é pé kó wá ta òwú tirẹ̀, á ní ẹ̀yìn ń dun òun. Kò fi ìyà jẹ mí. Ìyẹn gan-an ló ń dùn mí títí dòní, kò fi ìyà kankan jẹ mí. Omi mi ń gbóná láràárọ̀, irun mi kì í wú, ẹja tó tóbi jù ṣì ń bọ́ sínú àwo mi. Èmi sì ń gbé orí sókè kiri inú ilé bí ẹni tó jagun ṣẹ́gun.

Nígbà tí ọyẹ́ dé, Ìyàwó ní òun fẹ́ lọ wo ìyá òun ní Ìkun. Ilé ìwé ni mo wà. Mo dé, mo bá iyán lábẹ́ ọmọrí, ọbẹ̀ ẹ̀gúsí, ẹran méjì. Mo jẹ ẹ́ tán, mo lá ọwọ́ mi. Kò padà mọ́. Bàbá mi lọ sí Ìkun lẹ́ẹ̀mejì, ó dá wá lẹ́ẹ̀mejèèjì, kò sì sọ ohun tí wọ́n bá a sọ. Ìyá Àgbà ò bá mi wí, ó kàn ń sọ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan bó ti ń ká òwú pé, "Ẹyin lohùn, bó bá bọ́, fífọ́ ní í fọ́." Nígbà tí mo pé ọmọ ọdún mẹ́rìnlá, ó kọ́ èmi náà ní aṣọ híhun, ó gé ọ̀já mi, ọmọ aládùúgbò ni mo yá pọ̀n. Lẹ́yìn tí àwọn èèyàn lọ tán, ó bi mí, "Bọ́sẹ̀, ṣé o ti wá mọ ohun tí o ṣe fún obìnrin yẹn?" Mo ní mo ti mọ̀ ọ́n. Ó mi orí, ó ní, "O ò tíì mọ̀ ọ́n."

Òótọ́ ló sọ. Mo wà ní kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn olùkọ́ nígbà tí èmi àti àwọn ọ̀rẹ́ mi méjì ń kọjá lọ́jà Ìkàrẹ́, mo gbọ́ tí ẹnì kan pe "Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́!" Mo ti sanra díẹ̀ nígbà yẹn, kò sẹ́ni tó ń pè mí bẹ́ẹ̀ mọ́. Òun ni. Òwú ló ń tà, ó jókòó láàárín òwú aláràbarà, ó ti dìde dúró kó tó pè mí, ojú rẹ̀ ń dán. Mo tẹ orúnkún díẹ̀, mo ní, "Ẹ kú ọjà o, mà." Bẹ́ẹ̀ la ṣe ń kí ẹni tí a kò mọ̀. Ọ̀kan nínú àwọn ọ̀rẹ́ mi bi mí pé ta nìyẹn, mo ní, "Ẹnì kan tó gbé nílé wa rí ni." Mo rò pé mo rọra sọ ọ́ ni. Ó gbọ́. Ó bẹ̀rẹ̀, ó ṣa ìdì òwú búlúù méjì, ó fi sínú ọ̀rá, ó nà án sí mi, ó ní, "Ẹ kọ́ ìwé yín dáadáa o." Mo gbà á, mo bá tèmi lọ. Ó lé ní ogún ọdún lẹ́yìn ìyẹn tí mo fi ń gbé ní Ìkàrẹ́ náà, tí mò ń kọ́ ọmọ níwèé, tí mo bí ọmọ mẹ́ta tí mo sì pọ̀n wọ́n, n kò wá a lọ. Mo máa ń sọ fún ara mi pé nígbà ìsinmi ni màá lọ. Ìsinmi á dé, ìsinmi á parí.

Lọ́jọ́ kan, ọkùnrin kan àti obìnrin kan wá sílé mi, wọ́n ní, "Ṣé ibí ni ilé Bọ́sẹ̀ tíṣà?" Mo ní ibí ni. Ọkùnrin náà ṣí fìlà, ó ní, "Ẹ kú ọ̀rọ̀ èèyàn. Ìyá yín ti sùn." Mo ní ṣíṣì ni wọ́n ṣì mí, pé ìyá mi ti kú láti ìgbà tí mo wà lọ́mọ ọdún méje. Wọ́n wo ara wọn. Obìnrin náà ní, "Ìyá Bọ́sẹ̀, tí wọ́n ń ta òwú, ní Ìkun. Àwọn ni wọ́n júwe ilé yìí fún wa, wọ́n ní ilé tí òdòdó pupa wà níwájú ẹ̀." Òdòdó pupa náà wà níwájú ilé mi. Ó ti kọjá níbẹ̀, n kò mọ iye ìgbà. Mo jókòó sílẹ̀. Obìnrin náà tún bi mí pé, "Ẹ̀yin kọ́ ni Bọ́sẹ̀ ni?" Mo ní, "Èmi ni."

Wọ́n ti sin ín kí n tó dé. Yàrá rẹ̀ kún fún àwọn obìnrin, bí mo sì ti wọlé ni wọ́n ń ké, "Bọ́sẹ̀ dé o! Ọmọ Ìyá Bọ́sẹ̀ dé!" Gbogbo wọn ló mọ̀ mí. Wọ́n mọ̀ pé n kì í jẹ gbúre, wọ́n mọ̀ pé òjò pa mí lórí àpáta rí, wọ́n mọ orúkọ àwọn ọmọ mi, n kò mọ ẹni tó sọ ọ́ fún un. Ìró kan wà lórí ibùsùn, funfun àti búlúù, wọ́n ní ó máa ń ró o lọ́jọ́ ọdún, á ní Bọ́sẹ̀ òun ló hun ún fún òun. N kò hun nǹkan kan fún un rí. Màmá àgbàlagbà kan, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó dàgbà jù nílé náà, fà mí jókòó tì í, ó gbé ohun kan lé mi lọ́wọ́, ó ní àbúrò òun ti sọ fún àwọn pé ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ fi abẹ kàn án, pé tèmi ni. Ọ̀já náà ni. Òrùka ni síbẹ̀, òwú tí a kò hun ṣì so orí mọ́ ìdí. Mo tẹ́ ọwọ́ lé e, àtẹ́lẹwọ́ mẹ́ta. Màmá náà di ọwọ́ mi mú. Ó ní, "Ọmọ mi, ẹ má bínú, mo fẹ́ bi yín. Gbogbo ìgbà tí a bá ti béèrè pé Bọ́sẹ̀ dà, ìyá yín á ní iṣẹ́ ìjọba ni, pé ẹ fẹ́ wá, wọn ò gbà yín láyè ni. Ìkàrẹ́ ò mà jìnnà o. Ọkọ̀ kan ṣoṣo ni. Ṣé iṣẹ́ náà le tó bẹ́ẹ̀ ni?" Gbogbo yàrá ń dúró de ẹnu mi. Mo wo ọ̀já náà lórí itan mi, mo kúnlẹ̀ níwájú wọn.

"Ẹ má bínú, mà," mo ní. "Iṣẹ́ ni. Iṣẹ́ ni kò jẹ́ kí n ráyè wá wo ìyá mi."